Ẹ Bá Wa Sún Ilé Náà Sẹ́yìn Díẹ̀

Oòrùn ti yọ ní ìlú ọba, àwọn èèyàn wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í jogún ilé onílé.

Bí ẹ bá wo Facebook lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ó ti rí wọn: gèlè tó ga bí òrùlé, lésì tó ń dán, fìlà abetí ajá, àti lẹ́yìn wọn, ilé òkúta ràgàjì kan. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ọlọ́run ló ṣe é." Kí ni Ọlọ́run ṣe, ẹ̀gbọ́n? Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà lẹ́nu géètì ni?

Ẹ jẹ́ ká mú Harewood, ọ̀kan nínú àwọn ilé ńlá náà, nítòsí Leeds. Ọdún 1759 ni Edwin Lascelles fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì kó wọ ibẹ̀ ní 1771. John Carr àti Robert Adam ló ya àwòrán ilé, Chippendale ló ṣe àwọn àga, Capability Brown ló tún ilẹ̀ àyíká ṣe. Adágún odò tí ẹ ń dúró tì bí ẹni ń ro àròjinlẹ̀ yẹn, odò kékeré kan ni wọ́n sé. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò tò ó, gẹ́gẹ́ bí fọ́tò "mi ò mọ̀ pé wọ́n ń yà mí" tí àǹtí fi ogójì ìṣẹ́jú múra fún.

Ayàwòrán á máa pariwo: "Àǹtí, ẹ gbé àgbọ̀n sókè! Bọ̀ọ̀dá, ẹ na ọwọ́ sí ilé bí ẹni tó ni ín!" Ìyá àgbà òyìnbó tó jókòó sínú gbọ̀ngàn, tí ẹnu ń yún láti ṣàlàyé àga Chippendale, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa kúrò nínú fọ́tò."

Àwọn kan tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ tiwọn pé: "Owó àjogúnbá." Ó dáa. Owó ta ni? Ṣúgà àti òwò Barbados àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀ ló sọ ìdílé Lascelles di olówó, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ṣiṣẹ́ oko ìrèké. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú, tí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó ni ẹrú, olóyè Harewood ìgbà náà gba ohun tó lé ní £26,000 lórí èèyàn tó ju 1,200 lọ. Kọ́bọ̀ ò kan àwọn ẹrú fúnra wọn.

Àwọn tó ni ilé náà ò fi bò. Ní 2023, wọ́n gbé àwòrán David Harewood, òṣèré, kọ́ síbẹ̀, ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe ẹrú fún ìdílé náà ní Barbados. Ọkùnrin yẹn nídìí tó fi lè na ọwọ́ sí ilé. Ẹ̀yin ńkọ́? Mo béèrè lọ́wọ́ àǹtí kan bóyá ó dúró wo àwòrán náà. Ó ní iná inú ilé ò dáa fún fọ́tò.

Ó ku tíì. Wọ́n á ra scone, àkàrà òyìnbó kékeré, ẹyọ kan ṣoṣo, èèyàn márùn-ún á yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n tó lọ ṣí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù nínú búùtù mọ́tò.

Chatsworth, ilé ńlá mìíràn, ló kàn. Aṣọ ẹbí ti jáde, búlúù àti góòlù. Ẹ tètè san owó yín.