Ìjọba Dá Iléèwé Padà, Kò Dá Owó Padà

Láti ọdún 1877 ni ìjọba amúnisìn l'Ékòó ti ń fún ìjọ CMS (Áńgílíkà), Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì ní £200 kọ̀ọ̀kan lọ́dún, kí wọ́n fi máa gbọ́ bùkátà iléèwé wọn. Nítorí náà, bí a ṣe ń bèèrè pé kí ìjọba tún máa fún iléèwé ìjọ lówó ìrànwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun àjèjì ni.

Ìjọba ológun ló gba iléèwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Nígbà tí Jákàńdè di gómìnà Èkó ní 1979, ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ní 2001, nígbà tí Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn iléèwé náà padà fáwọn tó ni wọ́n. A ò bínú sí ìyẹn rárá. Ohun tó ń dùn wá ni pé ilé nìkan ni wọ́n dá padà. Owó tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò tẹ̀ lé e, òbí ló wá ń forí rù ú. Ẹ dúró sẹ́nu géètì ọ̀kan nínú wọn ní Mọ́ńdè: mọ́tò á máa já ọmọ sílẹ̀, ọmọ ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀ á gbé báàgì kọ́ apá, á kọjá lọ síléèwé tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń há ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá owó ìrànwọ́ náà padà, ṣùgbọ́n kí òfin rẹ̀ yí. Iye ọmọ àdúgbò tí iléèwé bá gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí wọ́n fi ṣírò owó rẹ̀. Kí wọ́n má fi èsì ìdánwò ṣe é o! Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 àti ti 1887 so owó mọ́ bí ọmọ bá ṣe dáhùn níwájú alábẹ̀wò. Kí ni olùkọ́ á ṣe, bí kò ṣe kó máa kọ́ ọmọ ní ìbéèrè alábẹ̀wò? Tí a bá tún so ó mọ́ WAEC lónìí, ọmọ tó já fáfá nìkan ni wọn yóò máa ṣà.

Àwọn kan á ní owó ìlú kò gbọdọ̀ wọ àpò ẹlẹ́sìn. Ẹ̀rù wọn yé wa. Kí iléèwé tó bá gbowó gba ọmọ ẹ̀sìn gbogbo, kó má fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Òfin kan náà ni kó de Kátólíìkì àti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ansar-Ud-Deen. Ìjọba kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń fi àdéhùn de owó: òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ fọwọ́ kan owó Àbújá láìmú tiẹ̀ wá.

Kí wọ́n sì lẹ iye tó bá wọlé mọ́ pátákó iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, kí ìyá aláàkàrà náà lè rí i. Iléèwé tó bá kọ ọmọ rẹ̀, kó má retí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Aláùsá.