Ẹ̀rọ Yìí Mọ Kíkùn, Kò Mọ Ojú Kùn

Ẹni tó bá tún sọ létí mi pé airbrush, ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn fẹ́ foundation sójú, dára fún ojú ojoojúmọ́, èmi àti onítọ̀hún á jọ fa ṣòkòtò ya. Kubwa ní Abuja ni mò ń gbé, Garki ni ọ́fíìsì wa. Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá bá èèyàn nílé, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló ti máa jẹun àárọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Wọ́n ní mi ò ní wá fóòmù kiri mọ́, kí n sáà tẹ̀ ẹ́, á fẹ́ fùùù, ojú á jọ̀lọ̀ bí ojú ọmọ tuntun.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ilé bàbá ta ni?

Compressor tó ń fẹ́ atẹ́gùn wà lọ́tọ̀, rọ́bà wà lọ́tọ̀, ọ̀pá tí à ń dì mú bíi bírò náà wà lọ́tọ̀. Mo jí ní ìdájí, mo tò wọ́n mọ́ra wọn, mo kiwọ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì: iná ò sí. Àdúgbò tiwa kọ́ ni Band A tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Tiwa máa ń dé ní aago méjì òru bí olè, á sì ti lọ kí wọ́n tó pe ìrun. Mo ní kí Bàbá Ayọ̀ bá mi tan jẹnẹrétọ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó yíjú sí ògiri, ó ń sùn lọ. Ta ló máa jó epo bẹntiróòlù nítorí ojú?

Ọjọ́ tí iná bá sì wà, ariwo ńkọ́? Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, aago márùn-ún, mo gbọ́ kọ́ kọ́ kọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn: “Ìyàwó, ata kí lo ń lọ̀ ní kùtù báyìí?” Wọ́n ti ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n bá mi níwájú díńgí, mo dijú, mo panu dé, mo sé èémí, mo na ọ̀pá sí ojú ara mi. Màmá ké “Jésù!” (Ẹ ò ṣáà gbọdọ̀ mí nígbà tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ, àfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́.)

Ti àwọ̀ ẹ̀ ló tún ń bí mi nínú. Foundation tẹ́ ẹ ní nílé ò wúlò fún un, ó ki jù. Àfi kẹ́ ẹ ra tiẹ̀, tó ṣàn bíi mílíìkì, nínú ìgò tí kò ju ọmọ ìka lọ. Márùn-ún ló bá tèmi wá. Ọ̀kan funfun bí ẹ̀kọ, ọ̀kan pọ́n bí epo, àwọn yòókù ò jọ awọ ara ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Ni mo bá di oníṣègùn: ẹ̀kán mẹ́ta nínú èyí, ẹ̀kán méjì nínú ìyẹn. Bó bá wọ̀ lónìí, kò ní wọ̀ lọ́la. Ọjọ́ Ajé mo pọ́n, ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo dúdú, ọjọ́ Rú ọ̀gá wa ní ṣé ibà ń ṣe mí ni.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹ mọ ọyẹ́ Abuja, tó ń la ètè bí ẹní la obì. Ihò ẹnu ọ̀pá yìí ò tó ìdajì mìlímítà, foundation sì ń gbẹ síbẹ̀ kó tó jáde. Bó bá ti dí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìgbéyàwó kan wà ní Gwarinpa lọ́jọ́ Sátidé, mo ti wọ léèsì funfun, gèlè ti wà lórí, ó ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó wúkọ́ tọ́ọ̀! Àbààwọ́n kan tó tó èékánná balẹ̀ sí mi láyà, àwọ̀ gbẹ̀gìrì gan-an. Onísílíkóònù ni, omi ò ràn án. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń fẹ̀.

Fífọ̀ ẹ̀ ló wá burú jù. Bẹ́ ẹ bá lò ó tán, ẹ gbọ́dọ̀ tú u, kẹ́ ẹ fa abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ yọ, kẹ́ ẹ nù ún. Orí abẹ́rẹ́ ọ̀hún rí tín-ín-rín gan-an. Lọ́jọ́ kan, orí ẹ̀ kan etí síǹkì, díẹ̀ báyìí. Ojú ò lè rí i pé ó wọ́, àmọ́ bẹ́ ẹ bá wọ́ ọ lórí èékánná, á ha á. Láti ọjọ́ náà, òsì ló ń fẹ́ sí. Mo bá kọjú sí i, ó kun etí mi, imú ò rí nǹkan kan. Mo pe ẹni tó tà á fún mi pé níbo ni mo ti lè rí abẹ́rẹ́ mìíràn. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń fọ̀ ọ́ dáadáa?” Èmi! Èmi tí mo ń lo ìṣẹ́jú 20 ní balùwẹ̀ torí ìṣẹ́jú márùn-ún!

Mi ò bá àwọn tó ń kun ojú ìyàwó jà o. Ọjọ́ kan ni ti ìyàwó, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ tó ń bá wọn fọ̀ ọ́. Mi ò sì ní purọ́: ẹ̀ẹ̀mejì péré tó ṣiṣẹ́ fún mi, ó ṣiṣẹ́. Ooru oṣù kẹta, inú takisí tí kò ní éésì, èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, mo dé Garki, ohun tí mo kùn sójú ò yọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, fóòmù àti àtíkè ni mo lò, mo sì ti wà lẹ́nu géètì kó tó di mẹ́fà. Ẹ̀rọ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá ní bí n kò bá lò ó mọ́, kí n fún òun, òun á máa fi fẹ́ oògùn ẹ̀fọn.