Mà, kí ló dé tí ti inú òkùnkùn fi ga jù?

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS1 ní sáyẹ́ǹsì. Lọ́dọọdún ni mo sì máa ń kọ nǹkan kan náà sójú bọ́ọ̀dù tí a bá dé orí bí irúgbìn ṣe ń hù: omi, afẹ́fẹ́, ooru tó mọ níwọ̀n. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á fi rúlà fa ìlà sí i nídìí, ó parí. Tó bá di ọjọ́ ìdánwò, wọ́n á kọ ọ́ padà fún mi bí mo ṣe kọ ọ́ fún wọn, èmi náà á máàkì rere sí i, kálukú á máa lọ ilé rẹ̀.

Ní táàmù yìí, ó ṣe mí bákan. Kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì rárá, mo bi wọ́n pé kí ni irúgbìn nílò kó tó lè hù. Gbogbo kíláàsì pariwo: "Oòrùn!" Mo ní ó dáa, báwo la ṣe máa mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni?

Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọ 74, kò sẹ́ni tó là á lẹ́nu. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n o. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé tíṣà ti mọ ìdáhùn, ó kàn ń dẹ páńpẹ́ sílẹ̀ ni, ẹni tó bá kó sí i, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìparí ọ̀sẹ̀.

Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan lẹ́yìn, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti oṣù kìíní, ní: "Mà, ẹ jẹ́ ká gbin ọ̀kan sínú òkùnkùn."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó agolo mílíìkì dé, pẹ̀lú òwú àti ẹ̀wà tí wọ́n bù nínú ti ìyá wọn. A gbé àwọn kan sójú fèrèsé, a ti àwọn yòókù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, a pín ẹni tí á máa bomi rin wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, gbogbo wọn ló hù, ti fèrèsé àti ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ariwo tó sọ, HOD, olórí ẹ̀ka wa, wá yọjú bóyá ìjà ni. Oòrùn tí gbogbo wọn fi ẹnu kan pariwo rẹ̀, ẹ̀wà ò tiẹ̀ bèèrè rẹ̀ kó tó hù.

Ohun tó wá pa èmi alára lẹ́nu mọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ga ju ti ojú fèrèsé lọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìlọ́po méjì wọn! Wọ́n funfun, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà ṣe, wọ́n tín-ín-rín bí okùn, ewé wọn ò ju èékánná lọ. Ọmọkùnrin kan fi rúlà wọ̀n wọ́n, ó tún wọ̀n wọ́n, ó yíjú sí mi: "Mà, kí ló dé tí ti inú òkùnkùn fi ga jù?"

Mo mọ ìdáhùn. Mo kà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí i. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí mi ò rí rí.

Mo gé ahọ́n mi jẹ, mo ní: "Kí lẹ rò?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ọ̀kan ní ó ń wá ìmọ́lẹ̀ ni, ó ń na ọrùn bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Òmíràn ní ó ga lóòótọ́, àmọ́ kò jẹun kánú, ìdí nìyẹn tó fi rí jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́. Ẹnìkan bá bèèrè pé kí ló wá ń jẹ nínú òkùnkùn? Wọ́n bá wo ẹ̀là ẹ̀wà méjèèjì tó wà lára rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀là náà ti hunjọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ṣàwárí fúnra rẹ̀ pé irúgbìn máa ń gbé oúnjẹ ìrìnàjò dání. N kò kọ ìyẹn sójú bọ́ọ̀dù, mo sì mọ̀ pé kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀nà ìkọ́ni yìí kì í ṣe ohun tuntun. Wọ́n ti kó wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan rí láti kọ́ wa ní i. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ka sláìdì fún wa pé kí á yé ka nǹkan fún ọmọ. Wọ́n fún wa ní jọ̀lọ́ọ̀fù, a wọ ọkọ̀, a padà sídìí nóòtì wa.

Ohun tí àwa tíṣà máa ń sọ ni pé kò sí láàbù, kò sí irinṣẹ́. Òótọ́ ni, kò sí. Àmọ́ agolo mílíìkì kì í ṣe irinṣẹ́ òyìnbó. Èmi ò rò pé irinṣẹ́ ni ìṣòro wa gan-an. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Ẹ̀rù pé ọmọ á béèrè ohun tí a ò mọ̀, ojú á sì tì wá níwájú àwọn tí à ń na ẹgba sí.

Mo máa ń ronú nípa Erastus Mpemba, ọmọ Tanzania. Lọ́dún 1963 ó wà ní kíláàsì kẹta ní Magamba Secondary School, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣe áìsìkiriìmù. Wọ́n á se mílíìkì, wọ́n á po ṣúgà mọ́ ọn, wọ́n á dúró kó tutù kí wọ́n tó gbé e sí fíríìsà. Lọ́jọ́ kan àyè ń tán nínú fíríìsà, Mpemba ò lè dúró, ló bá gbé tiẹ̀ wọlé ní gbígbóná. Ọmọ mìíràn gbé tirẹ̀ sí i láì sè é rárá. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀, ti Mpemba ti dì, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tíì dì. Ó bi tíṣà fisíìsì léèrè ìdí. Tíṣà ní ó kàn dàrú mọ́ ọn lójú ni, kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Nígbà tó dé ilé ìwé Mkwawa ní Iringa, ó tún béèrè. Tíṣà tibẹ̀ ní fisíìsì Mpemba nìyẹn, kì í ṣe fisíìsì gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, tó bá ti ṣi ìṣirò kan pẹ́nrẹ́n, kíláàsì á ní ìṣirò Mpemba nìyẹn.

Ọjọ́ tí Denis Osborne, onímọ̀ fisíìsì, wá bá wọn sọ̀rọ̀ láti yunifásítì ní Dar es Salaam, ọmọ yìí tún nawọ́ sókè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń dójú ti àwọn. Osborne náà ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n ó ní òun máa fi omi dán an wò, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ láàbù òun ṣe é. Òṣìṣẹ́ yẹn padà wá jábọ̀ pé lóòótọ́, omi gbígbóná ló kọ́kọ́ dì, àmọ́ kí ọ̀gá má ṣèyọnu, àwọn á máa tún un ṣe títí èsì tó tọ̀nà á fi jáde! Lọ́dún 1969, Mpemba àti Osborne jọ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ fisíìsì. Títí dòní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn kan tiẹ̀ ní kì í ṣẹlẹ̀ bí a ṣe rò ó.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé fíríìsà wà nílé ìwé yẹn. Ife méjì péré ni tíṣà àkọ́kọ́ nílò. Ẹ má sì jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ láàbù rẹ́rìn-ín jù. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ọmọ SS3 ti mọ iye tí burette, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn ásíìdì, gbọ́dọ̀ kà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Tí tiwọn bá yàtọ̀, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á kọ ti tíṣà.

Nílé náà ńkọ́? Àwa la ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè ìbéèrè kẹta: "O ò ní gbẹ́nu ẹ dákẹ́? Ṣé lọ́yà ni ẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ní ká gbin ẹ̀wà sínú òkùnkùn, Gẹ̀ẹ́sì ló pa á lẹ́nu mọ́ láti oṣù kìíní. Ẹni tó ń wá gírámà kiri kò ní ráyè wá ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èyí hàn wá tipẹ́. Lọ́dún 1970 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì rẹ̀yìn. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, a ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fànákúlà.

N kò sọ pé kí gbogbo ẹ̀kọ́ rí bẹ́ẹ̀ o. Kò sí ọmọ tó máa fi ìwádìí mọ̀ pé Na ni wọ́n ń kọ fún sódíọ̀mù, ẹ sọ fún un kó máa lọ. Ásíìdì kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń ní kí ọmọ fọwọ́ dán wò. Ẹ̀wà yìí gba ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ lọ́wọ́ mi, scheme of work, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ táàmù, ti fi mí sílẹ̀, HOD sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lú ọmọ 74 nínú ìṣẹ́jú 40, mi ò lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní táàmù kan. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ ọmọbìnrin ẹ̀yìn yẹn tún dé. Ó ní tí a bá gbé ẹ̀wà inú kọ́bọ́ọ̀dù sínú oòrùn báyìí, ṣé á di aláwọ̀ ewé ni àbí oòrùn á pa á? Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Lọ́jọ́ Ẹtì a gbé e sójú fèrèsé, kíláàsì pín sí méjì, wọ́n ti fi bisikíìtì ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Mo ti bẹ bàbá tó ń gbálẹ̀ pé kí wọ́n má dà á nù kó tó di Mọ́ńdè.