The Snake kì í ṣe The Pogues o
Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé orin tí Shane MacGowan, akọrin ará Ireland, kọ lẹ́yìn tó kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin The Pogues kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, n kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹgbẹ́ náà lé e kúrò ní 1991. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, The Popes, wá gbé àwo orin The Snake jáde ní 1994. Ẹ gbọ́ orin tó ṣíde rẹ̀: gìtá oníná ló gba iwájú, níbi tí àkọ́díọ̀nù àti fèrè The Pogues máa ń wà.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó yẹ ọdún ara páálí rẹ̀ wò dáadáa. Ti 1994 kò ní orin "Haunted" tí Shane àti Sinéad O'Connor, akọrin obìnrin ará Ireland, jọ kọ. Àtúntẹ̀ 1995 ló ní in. The Pogues ló kọ́kọ́ gbé orin yẹn jáde ní 1986, Cait O'Riordan, obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ló lé orin ọ̀hún. Ṣùgbọ́n nínú ti 1995, ohùn Sinéad mọ́ gaara, ti Shane ha, ó ń fà nílẹ̀, ibi tí méjèèjì ti pàdé yẹn a máa wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Ẹ má fo orin "Aisling" inú àwo náà. Àlá ni ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè Irish, orúkọ irú ewì àtijọ́ kan tí ilẹ̀ Ireland ti ń fara hàn bí obìnrin sì ni.