Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ wa, ìlà mẹ́rin la kọ nípa rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kó má baà gbé mi nínú. Ìwé ìdágbére tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn ọmọ SS3 wa ti jáde. Bébà rẹ̀ ń dán. Ojú ewé àkọ́kọ́, àwòrán àlejò pàtàkì. Ìkejì, alága ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó sanwó kí wọ́n lè bá wa yọ̀: onílé epo, oníbúrẹ́dì, olóṣèlú tó fẹ́ dupò, òbí tó ní kí wọ́n fi àwòrán ìdílé òun gba odindi ojú ewé. Ẹ ó ṣí i títí kẹ́ ẹ tó kan àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn ṣe ìwé. Wọ́n to fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wọn ní méjìlá méjìlá, ó kéré débi pé ìyá tó bí wọn á gbé e súnmọ́ ojú kó tó dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ìlà mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, iṣẹ́ tó wù ú. Dókítà. Ẹnjiníà. Lọ́yà. Ẹnjiníà. Dókítà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ wọn, ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin kan n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń múra WAEC ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ nípa wọn, ìpínrọ̀ kan fún ọmọ kan. N kò fo ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo kọ, kí ọmọ náà lè kà á ní ogún ọdún sí i, kó mọ̀ pé ẹnì kan wo òun dáadáa nígbà tí òun ò tíì ní nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ìdágbére náà gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ní àyè ò sí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. Owó ìpolówó ló tẹ ìwé, àbí? Mo ti gbọ́. Òmíràn ní bí a bá ń yin ọmọ lójú rẹ̀, orí rẹ̀ á wú. Nílẹ̀ Yorùbá wa yìí! Níbi tí ìyá ti ń ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó fún un ní ẹ̀kọ mu? Àjàní, Àlàó, Àkànbí, Àrẹ̀mú: kí ni wọ́n fi ń pe ọmọ báyẹn fún, bí kì í bá ṣe kí orí rẹ̀ lè wú?

Ìwé ẹ̀rí ìwà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kó lé wọn lọ́wọ́ tún wá burú jù. "Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni, ó ń ṣiṣẹ́ kára, ó mọ ọ̀wọ̀ àgbà." Gbólóhùn kan náà ni wọ́n kọ fún ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò ilé ìdáná àti ọmọ tó ń fi ẹran tirẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ lára ohun tí wọ́n yọ. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan ló ń lu agogo. Rìímù mọ́tò ńlá kan ni agogo ọ̀hún, wọ́n fi wáyà so ó kọ́ igi máńgòrò, irin kan la fi ń lù ú. Ọmọ yìí ò ní aago ọwọ́ nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Aago tábìlì tó yá lọ́wọ́ bàbá aṣọ́nà ló ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí sùn. Àsẹ́ḿbílì, oúnjẹ ọ̀sán, prep alẹ́, iná pípa, kò yẹ̀ rí. Àfi àárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, agogo ìjí máa ń pẹ́ díẹ̀, olùkọ́ tó ń mójú tó ibùgbé wọn sì ti bú u títí pé oorun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi náà gbà pé oorun ni. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo tètè dé lẹ́yìn òjò. Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn dúró. Mo ní kí ló dé tí kò tíì lù ú. Ó ní, "Mà, àwọn JSS1 ni. Òrùlé yàrá wọn ń jò mọ́jú. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n sùn." Ó ń fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní oorun ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń gba èébú lé e lórí, kò sọ fún ẹnì kankan. Ohun tí ìwé ìdágbére sọ nípa ọmọ yìí ni pé iṣẹ́ ẹnjiníà ló wù ú.

Èkejì ni onígbàjámọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ní bọ́dìn mọ ohun tí mò ń sọ: abẹ kan, kóòmù kan, ọ̀sán Sunday, àwọn ọmọ tò sórí pèpéle, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dúró de tirẹ̀. Láti SS1 ló ti ń gẹ irun fún wọn. Ìṣirò kò yé e, kò sì yé e títí tó fi jáde, ẹ̀bùn kankan ò kàn án rí lọ́jọ́ ìpínwèé. Ṣùgbọ́n kò sí orí tó wà nínú ọgbà yẹn tí kò tíì kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ń mọ ọmọ tí làpálàpá ti ń yọ lórí kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan tó ń gẹ irun fún ọmọ kékeré kan, ó bá ojú ọgbẹ́ nísàlẹ̀ irun, ọgbẹ́ tí kò jọ ti ẹni tó ṣubú. Kò pariwo. Kò bi ọmọ náà ní nǹkan kan lójú àwọn tó tò. Ó rọra gẹ̀ ẹ́ tán, ó yẹra fún ibi tó ń dùn ún, ó sì ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́, ó ní, "Mà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ orí kan." A wádìí, a rí àwọn síníọ̀ tó ń lu ọmọ náà, ọ̀rọ̀ sì parí níbẹ̀. Mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, n kò tíì rí àgbàlagbà púpọ̀ tó mọ bí a ṣe ń gba ọmọdé sílẹ̀ láìdójú tì í.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí WAEC, wọ́n ṣe bí gbogbo ọmọ ṣe ń ṣe, wọ́n fi máákà kọ ọ̀rọ̀ sí ara aṣọ funfun ara wọn. Àwọn olùkọ́ kan ń lé wọn kiri, wọ́n ní ìwà ìpáǹle ni. Èmi dúró, mo kà á. Ohun tí ẹnì kan kọ sí ẹ̀yìn aṣọ onígbàjámọ̀ ni pé: "Orí mi ò ní gbàgbé ẹ." Ẹ tú ìwé tó ń dán yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní rí gbólóhùn kan tó tó ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni aríyànjiyàn mi. N kò lè kọ nǹkan sójú pátákó kó má rí ibi tí mo ti fi àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Á jiyàn, á jiyàn, agogo á lù, á ṣì máa jiyàn bọ̀ lẹ́yìn mi. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán, á ti lọ wo ìwé, á sì padà wá: "Mà, mo ti wò ó. Ẹ̀yin lẹ jàre." Ojú gbogbo kíláàsì ló ti máa ń sọ ọ́, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ìjà gan-an.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára báyìí ni pé ọmọkùnrin ni wọ́n. Láti kékeré la ti ń pariwo mọ́ wọn. Akọ kì í sunkún. Dìde ńlẹ̀. Ṣé obìnrin ni ẹ́? Ọmọ á tó ọdún mẹ́tàdínlógún láìsí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kan nípa rẹ̀ tí kì í ṣe ti máàkì tàbí ti bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ìyẹn ló kù sọ́wọ́ ayé, ayé ò sì ní kì í àfi tó bá lówó.

Ẹ wo Baptist Boys' High School l'Ábẹ́òkúta, tó ti wà láti 1923. Abíọ́lá àti Ọbásanjọ́ jọ wà níbẹ̀. Abíọ́lá ni olóòtú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́, Ọbásanjọ́ sì ni igbákejì rẹ̀. Láti bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Abíọ́lá ti ń ṣẹ́gi ìdáná tà. A mọ ohun tí wọ́n dà: ẹnì kan ṣe olórí orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kejì wọlé ìbò ní June 12, 1993, wọn ò jẹ́ kó jókòó, ó sì kú sí àtìmọ́lé ní 1998. Gbogbo ìyẹn ti wà nínú ìwé ìtàn. Èyí tó wù mí kà ni ohun tí olùkọ́ kan rí lára wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n sí nǹkan. Ó sì wù mí kà nípa ọmọ tó jókòó láàárín àwọn méjèèjì ní kíláàsì, tí kò di nǹkan kan tí ìwé ìròyìn gbọ́. Òun ló tiẹ̀ wù mí jù.

Ẹni kan ló kù tí n kò lè fò.

Nígbà tí ìwé jáde láìsí ọ̀rọ̀ wa nínú rẹ̀, mo tẹ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí bébà lásán, mo sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ tí mo bá pàdé lọ́jọ́ Sátidé kan níta ilé-ẹ̀kọ́. Ibi tí mo ti bá a àti ohun tó ń ṣe níbẹ̀, mi ò ní sọ. Iṣẹ́ ẹni tó ní ojúṣe ni, orí mi wú nígbà tí mo rí i, mo sì kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Ní tòótọ́, òun ni mo rò pé mo kọ dáadáa jù.

Ó kà á tán, ó ká bébà náà sí kékeré. Ó ní, "Mà, ṣé èyí ni wọ́n ì bá tẹ̀ sínú ìwé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ló yọ mí." Ó ní ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ òun kò mọ̀. "Ẹni tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni wọ́n mọ̀ mí sí, mà. Tí wọ́n bá ka èyí, àánú mi ni yóò máa ṣe wọ́n." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Mo ṣì ń bínú sí ìgbìmọ̀. Wọn ò mọ ohunkóhun nípa ọmọ yìí nígbà tí wọ́n yọ tirẹ̀ mọ́ ti gbogbo wọn, ibi tí wọn yóò fi onílé epo sí ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀ ọmọ yìí gan-an, tí mo torí irú rẹ̀ bínú, ló ń yọ̀ pé wọ́n yọ ọ́.

Àwọn SS2 ń bọ̀ ní SS3 ní oṣù kẹsàn-án, mo sì ti ń wò wọ́n. Bí mo bá kọ́kọ́ bi ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún pé kí ló fẹ́ kí n sọ nípa òun, ẹ̀yin náà mọ èsì: "Mà, ẹ kọ ọ́ pé mo mọ bọ́ọ̀lù gbá." Bí n kò bá sì bi í, ta ló fún mi láṣẹ láti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tó ti fi pamọ́ fún wọn fún ọdún mẹ́fà? Ẹ̀yin olùkọ́ bíi tèmi, àti ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bí ọkùnrin, ẹ dá mi lóhùn. Kí ni kí n ṣe sí ti ọdún tó ń bọ̀?