Ẹ yéé sọ fún èèyàn pé kó kàn ṣọkàn gírí

Ní àdúgbò wa níbí ní Ìkòròdú, tí ẹnìkan bá ti padà sídìí nǹkan tó ní òun ti fi sílẹ̀, ọtí ni o, tẹ́tẹ́ ni o, sìgá ni o, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Kò tíì ṣe tán ni. Ọjọ́ tó bá ṣe tán á jáwọ́." Mo ti gbọ́ ọ ní Owutu, mo ti gbọ́ ọ ní Agric, wọ́n ń sọ ọ́ ní mọ́sálásí, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá tó bí ọmọ gan-an á sọ ọ́ sójú ọmọ ẹ̀. Mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ lójú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́kàn mi.

Ẹ lọ sí Gáréèjì Ìkòròdú láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí kẹ́ ẹ lọ wo nǹkan. Alákàrà ò tíì dáná, ìyá oníparaga ti to ìgò ẹ̀ sórí tábìlì. Ti jẹ̀díjẹ̀dí wà lọ́tọ̀, ti ọ̀pá ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀, ti ibà wà lọ́tọ̀, egbò àti èèpo igi á ti rì sísàlẹ̀ ìgò, ọtí orí ẹ̀ á ti pọ́n. Dírẹ́bà á dé, ìyá á ti máa kí i kó tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, á da a sínú kọ́ọ̀bù kékeré yẹn, bàbá á gbé e mì lórí ìdúró, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó parí, kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀gbẹ́ ìyá yẹn, bọ̀bọ́ kan ń ta ọtí inú ọ̀rá. Ẹ̀yìn bọ̀bọ́ yẹn, kíóósì tẹ́tẹ́ ni. Tó bá wá di ọ̀sán tí èrò ò pọ̀ mọ́, dírẹ́bà á lọ tò, á máa retí kí tọ́ọ̀nù ẹ̀ kàn, wákàtí kan, wákàtí méjì, oòrùn ń pa á, kò sì síbi ìjókòó míì tó ní ìbòòji àfi bẹ́ǹṣì ìyá oníparaga.

Ẹni tẹ́ ẹ ní kó ṣọkàn gírí nìyẹn o. Ó ti búra lọ́jọ́ Iléyá tàbí lálẹ́ ọjọ́ kúròsófà pé òun ò ní mu mọ́, ó sì sọ ọ́ tọkàntọkàn, mo gbà á gbọ́, torí mo ti rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ tílẹ̀ bá mọ́, ibo ló tún ń lọ? Ìdí àwọn ìgò yẹn náà ni, láàárín àwọn ọ̀rẹ́ tó ti sanwó tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé. Á ní rárá láago márùn-ún ààbọ̀. Á ní rárá láago mẹ́sàn-án. Á tún ní rárá lọ́sàn-án. Tó bá fi máa di alẹ́, ara ti rẹ̀ ẹ́, owó tó fẹ́ jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ ò tíì pé, ẹnìkan tún na kọ́ọ̀bù sí i, ó gbà á. Èyí tó gbà yẹn nìkan la máa rí. Gbogbo rárá tó ti sọ látàárọ̀, ta ló bá a kà á?

Ti ara tún wà níbẹ̀ o. Ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá jí tí kò tíì mu, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ara ò ní balẹ̀, tó bá ti gbé ife kan mì ara á rọlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá kàn dáwọ́ ẹ̀ dúró lójijì nínú ilé láìsí dókítà, ó lè ki í mọ́lẹ̀, ó lè máa gbọ̀n bíi ti oníwárápá, ó tiẹ̀ lè gbẹ̀mí ẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, ẹ má tì í mọ́ yàrá pé ẹ̀ ń gbàdúrà fún un.

Mo ti ka díẹ̀ nínú nǹkan táwọn tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ, ohun tí wọ́n rí ò sì jọ ohun tá a máa ń sọ ní àdúgbò rárá. Ní ìlú Würzburg ní Jámánì, Wilhelm Hofmann àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fún nǹkan bí igba àgbàlagbà ní ẹ̀rọ kékeré kan tí á máa ké nígbàkígbà lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá ti ké, wọ́n á kọ ohun tó ń wù wọ́n lákòókò yẹn sílẹ̀ àti bóyá wọ́n ń bá a jà. Ọdún 2012 ni iṣẹ́ yẹn jáde. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn níjàánu, ẹ gbọ́ o, wọn kì í bá nǹkankan jà tó àwọn tó kù. Ìdánwò ò fi bẹ́ẹ̀ pàdé wọn lọ́nà. Bí wọ́n ṣe to ìgbésí ayé wọn, nǹkan tó lè fà wọ́n lọ́wọ́ ò sí nítòsí. Àwa wá ń wo ẹni tí kì í kọjá ní gáréèjì láyé ẹ̀, à ń yìn ín pé ó lọ́kàn akin, a sì ń bú ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá oníparaga.

Èyí tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn sójà Amẹ́ríkà. Nígbà ogun Vietnam, heroin, oògùn olóró yẹn, pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, owó pọ́ọ́kú ni, ó sì mọ́ gan-an, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò fọwọ́ kàn án rí nílé wọn ló bẹ̀rẹ̀ síí fà á. Lọ́dún 1971 ẹ̀rù ba ìjọba Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, wọ́n ní kí obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lee Robins lọ tọpasẹ̀ àwọn tó ti padà dé. Nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ló sọ pé ó ti di bárakú fún òun lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà sílé ńkọ́? Nínú àwọn tó ti di bárakú fún yẹn, nǹkan bí márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló tún di bárakú fún láàárín ọdún kìíní. Ó pọ̀ nínú wọn tí kò gba ìtọ́jú kankan. Heroin kan náà ni, èèyàn kan náà ni, àmọ́ ojú ogun ti kúrò níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń fà á ti kúrò níbẹ̀, ìyá àti ìyàwó wà nílé, heroin ti wọ́n, ó sì ti ṣòro láti rí rà. Kò sẹ́ni tó wá kọ́ wọn ní ọkàn gírí nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé àwa Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ yìí kí oyìnbó tó ṣèwádìí ẹ̀. Ẹ wo alájọ. Ìyá tó ń ta tòmátò ní ọjà Sábó, lójoojúmọ́ ayé ni alájọ máa wá síwájú ẹ̀ pẹ̀lú káàdì, á fún un lówó, á sàmì sí i, tóṣù bá parí alájọ á kó gbogbo owó náà fún un, á yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tiẹ̀. Kò sí èlé. Àní, ìyá yẹn ń sanwó kí wọ́n lè bá a gbé owó ẹ̀ jìnnà sí i ni. Tẹ́ ẹ bá fojú ìṣirò nìkan wò ó, ẹ máa ní òmùgọ̀ ni. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé tí owó yẹn bá sùn sábẹ́ ibùsùn òun, àbúrò ọkọ á wá yá a, ọmọ á ní ìwé tán, aṣọ ẹbí á dé, òun fúnra òun á rí nǹkan tuntun lójú ọjà, owó á sì ti lọ. Mo tiẹ̀ mọ àwọn ìyá tó máa ń kìlọ̀ fún alájọ pé, "Bí mo bá wá bẹ̀ ọ́ kóṣù tó parí, má dá mi lóhùn o, kódà tí mo bá kúnlẹ̀." Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ ara ẹ̀ ju gbogbo àwa tá à ń wàásù lọ. Kò retí kí ọkàn òun le lọ́jọ́ tí wàhálà dé, ó ti ilẹ̀kùn nígbà tí ara ẹ̀ ṣì balẹ̀.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Nava Ashraf, Dean Karlan àti Wesley Yin, dán irú ẹ̀ wò ní bàǹkì kan ní erékùṣù Mindanao ní Philippines. Wọ́n ní kí àwọn oníbàárà kan wá ṣí àkáǹtì tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló máa dá ọjọ́ tàbí iye tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan owó náà. Lẹ́yìn ọdún kan, owó tó wà ní bàǹkì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi lọ̀ ti fi nǹkan bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, tí wọ́n bá fi wé àwọn tí wọn ò fi lọ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé e jáde. Àwọn ìyá wa ní Sábó ò nílò ká ka ìyẹn fún wọn. Ìbéèrè mi ni pé, kí ló dé tó jẹ́ pé tó bá kan owó, a gbà pé ọwọ́ èèyàn ò ṣeé fọkàn tán, a sì fọgbọ́n yí i ká, àmọ́ tó bá kan ọtí àti tẹ́tẹ́, ìwàásù nìkan la ní?

Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ gan-an, mo gbọ́dọ̀ sọ tiwọn. Ẹ ń bínú sí ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń fi owó oúnjẹ ẹ̀ ta bọ́ọ̀lù lórí fóònù, ẹ ní kò ní sùúrù. Ẹ ti gbọ́ ti ìdánwò suwíìtì yẹn, ti Walter Mischel ní Stanford, tí wọ́n ní kí ọmọdé dúró kó lè gba méjì dípò ọ̀kan, gbogbo èèyàn sì ń sọ pé ọmọ tó bá lè dúró ló máa là láyé. Lọ́dún 2018 tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ tó lé ní 900, wọ́n rí i pé tí wọ́n bá ti ro ti ilé tí ọmọ ti wá mọ́ ọn, ó kéré gan-an ohun tí dídúró yẹn lè sọ fún wa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Celeste Kidd àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Rochester. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìlérí fáwọn ọmọ pé àwọn ń bọ̀ wá fún wọn ní kéréyọ̀ọ̀nù tó dáa. Wọ́n mú un wá fún àwọn kan, wọ́n padà wá bá àwọn kan lọ́wọ́ òfìfo pé ẹ má bínú, kò sí mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá gbé suwíìtì kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n mú ìlérí ṣẹ fún dúró tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá. Àwọn tí wọ́n já kulẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Ọmọ ti wa ńkọ́, ìlérí mélòó ni wọ́n ti mú ṣẹ fún un? Ẹni tó ń tọ́jú owó láti ra ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́dún 2023, dọ́là ò tíì tó ₦500 ní bàǹkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, kó tó di March ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti kọjá ₦1,500, owó ẹ̀rọ ti fò, èyí tó tọ́jú ò ra ìdajì ẹ̀ mọ́. Ẹ ní kó tún dúró. Mi ò sọ pé tẹ́tẹ́ dáa o, tẹ́tẹ́ ń ba ilé jẹ́, mo kórìíra ẹ̀ látọkàn wá. Ohun tí mò ń sọ ni pé sùúrù kì í dá hù nínú èèyàn, ó máa ń hù níbi tí ìlérí bá ti ń ṣẹ.

Ti ọjọ́ mọ́kànlélógún tẹ́ ẹ máa ń pín kiri lórí WhatsApp yẹn, pé iye ọjọ́ tó ń gbà kí nǹkan tuntun tó mọ́ èèyàn lára nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní London wò ó, ẹni tó wà láàárín gbùngbùn lo nǹkan bí ọjọ́ 66, ẹlòmíì á lo 18, ẹlòmíì á lò tó 254, ti kí wọ́n máa mu omi tàbí kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́ lásán sì nìyẹn, kì í ṣe ti ọtí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ níbí pé òun mọ dírẹ́bà kan tó jáwọ́ tó sì wà ní gáréèjì náà títí dòní. Òótọ́ ni, wọ́n wà. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, mo kí wọn. Àmọ́ ẹ bi wọ́n dáadáa, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ti yí nǹkan kan padà, wọ́n ti ń jẹun àárọ̀ nílé, wọn ò jókòó sí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́, tàbí ìyàwó ló ń gba owó wọn. Ẹlòmíì á sì ní mo ń gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn èèyàn. Rárá o. Ẹni tó mu ọtí tó lu ìyàwó ẹ̀, ẹ̀bi ẹ̀ ni, kó jíyìn ẹ̀. Ohun tó kàn mí ni ohun tó máa jẹ́ kó má tún ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà lẹ́yìn NAFDAC ní February 2024 nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá ọtí inú ọ̀rá kúrò nílẹ̀, kí àtakò tó mú kí wọ́n tún sún ọjọ́ síwájú. Ọtí tó wọnú àpò ṣòkòtò, tí owó ẹ̀ ò ju owó píọ̀wọ́tà díẹ̀ lọ, ẹ ò lè bá ọkàn èèyàn bínú pé ó ń rí i mu.

Bọ̀dá kan wà ní ilé kejì wa. Gbogbo àdúgbò ló ti bú u tì. Pásítọ̀ ti gbàdúrà, àwọn ẹbí ìyàwó ti wá jókòó lé e lórí. Ọdún tó kọjá, ẹnìkan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ìgbógbò ní kó wá máa wa ọkọ̀ yanrìn fún òun. Aago méje ló ń wọlé, àárín yanrìn àti sìmẹ́ńtì ló wà títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí tọ́ọ̀nù tó ń retí, ìyàwó ẹ̀ ló ń gba owó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ti jáwọ́. Ọkàn tó ní tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ní. Àmọ́ iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ti ń lọ sílẹ̀ báyìí torí owó sìmẹ́ńtì, ọ̀gá ẹ̀ ti ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n sì ti ní kó wá gba mọ́tò kan ní gáréèjì. Ó wá bi mí léèrè lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kó má lọ, kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí n bá a wádìí. Ó ní láísẹ́ńsì, ó mọ ọkọ̀ ńlá wà. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń wá dírẹ́bà láti Ìgbógbò sí Ìjẹ̀dẹ̀, tàbí ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Òdógùnyán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi méséèjì ránṣẹ́ sí mi, ẹ má kọ ọ́ síta níbí torí ẹni tó ni ọ̀rọ̀.