Bàtà kẹ̀kẹ́ tó fún yín lónìí, ó ṣì máa fún yín lọ́dún tó ń bọ̀

Sátidé tó kọjá ni wọ́n tún sọ ọ́ lójú mi pé bàtà kẹ̀kẹ́ tó bá fún èèyàn máa fẹ̀ tó bá yá. A ti kúrò ní Lẹ́kí láago mẹ́fà àárọ̀, a ti kọjá Ajah, a dúró mu omi ní Àwòyáyà. Ẹ̀pẹ́ là ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa jókòó sétí gọ́tà, ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó ń fọwọ́ ra ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ti kú o. Mi ò mọ ìka méjì tó kẹ́yìn lára mọ́."

Ẹ̀gbọ́n tó ń bá sọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Ó ní, "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wa nìyẹn. Bàtà kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gbá ẹsẹ̀ mú. Fara dà á, á fẹ̀ tó bá yá." Àwọn mẹ́ta mìíràn ń mi orí sí i. Ọmọ náà sì fẹ́ wọ bàtà rẹ̀ padà.

Mo ní kó dúró ná. Mo ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ojú rírán inú bàtà náà ti tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹ lè ka òwú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan lára awọ ẹsẹ̀. Bàtà yẹn kò lè fẹ̀ láé, bó bá tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ dé Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀, nítorí pé wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbà á gbọ́, mo sì fi odidi ọdún kan jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, awọ ni bàtà àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ní Yúróòpù. Wọ́n á kan irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ inú pẹ́dà, wọ́n á wá fi okùn awọ so ó pinpin. Awọ ẹran ni, òógùn ń wọ inú rẹ̀, ooru ń mú un, ó ń fẹ̀. Ẹni tó bá ra èyí tó fún díẹ̀ nígbà náà kò ṣe àṣìṣe. Ní 1984 ni iléeṣẹ́ Look ti ilẹ̀ Faransé, àwọn tó ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń de bàtà mọ́ pákó ìyọ̀ lórí yìnyín, gbé pẹ́dà tuntun jáde. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó gbá a mú. Ẹ yí gìgísẹ̀ síta, ó tú u sílẹ̀. Bernard Hinault, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré, fi pẹ́dà yẹn gba Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́ tó lókìkí jù, ní 1985. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, bàtà náà yí padà: abẹ́ rẹ̀ di ike líle, ó tún di carbon, ohun kan tó fúyẹ́ àmọ́ tó le gan-an, òkè rẹ̀ di aṣọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti ooru lẹ̀ pọ̀. Bàtà ti yí padà, ìmọ̀ràn ò yí padà.

Mo gbé tèmi lọ bá aránbàtà kan ní Mushin. Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́. Ẹ fún un ní bàtà awọ, á wọ́n omi sínú rẹ̀, á ki igi tó ń fẹ bàtà bọ̀ ọ́, lọ́jọ́ kejì ẹsẹ̀ yín á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọjọ́ méjì ni tèmi fi wà lórí igi. Nígbà tó yọ ọ́, bí bàtà náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ ló tún rí. Ó fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ìka kan abẹ́ rẹ̀, ó ń ró kó-kó-kó bí ìgbà téèyàn ń kan abọ́ ike líle. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí kì í ṣe awọ. Tí mo bá fipá ṣe é, ojú gọ́ọ̀mù ló máa ya." Kò gba owó lọ́wọ́ mi.

Ohun tó fi ìka kàn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Abẹ́ bàtà kẹ̀kẹ́ kò kàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń dìde díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí etí àwo, òkè bàtà sì lẹ̀ mọ́ etí náà. Kí òkè tó lè fẹ̀, àfi kí etí yẹn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, carbon kì í sì í yà. Bàtà Bont, ti iléeṣẹ́ kan tó jẹ́ ti Ọsirélíà, wà tí èèyàn lè fi sínú oven ní ìwọ̀n ooru 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó rọ̀, kó gba ìrísí ẹsẹ̀. Iná ló ń rọ̀ ọ́. Ìfaradà yín ò lè rọ̀ ọ́. Líle abẹ́ bàtà náà tún ní ìnira tirẹ̀: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 wọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń rí ìtẹ̀ sí, wọ́n rí i pé níbi tí ìtẹ̀ ti pọ̀ jù, ti bàtà carbon fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti bàtà ike lọ. Ẹ wá ro ti ẹni tó ń yí pẹ́dà nígbà 80 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ kan ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó tó 5,000.

Kí ló wá ń pa ẹsẹ̀? Àwọn egungun gígùn tó lọ bá ìka ẹsẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára sì gba àárín wọn kọjá. Tí bàtà bá fún ẹsẹ̀ pọ̀ láti ọ̀tún àti òsì, egungun á há iṣan mọ́lẹ̀. Yóò kọ́kọ́ máa gún bí abẹ́rẹ́, yóò máa jó bí ata, lẹ́yìn náà ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Àárín ìka kẹta àti ìkẹrin ló ti wọ́pọ̀ jù. Tí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ lè nípọn, kó di àìsàn. Oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Morton, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1876, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀. Ohun tí ẹ ń ní kí ọmọlọ́mọ fara dà nìyẹn! Ẹsẹ̀ sì máa ń wú tí ooru bá mú un. Oòrùn ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ láago mẹ́wàá kì í ṣe ooru kékeré. Bàtà tó ti fún yín nínú yàrá ọlọ́yẹ́ tí ẹ ti wọ̀ ọ́ wò, kí lẹ rò pé yóò ṣe níbẹ̀?

Lọ́jọ́ tí ojú mi là, mo yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà mi, mo gbé e sórí táìlì, mo dìde dúró lórí rẹ̀. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi wà lórí táìlì. Kò kan ìtẹ́lẹ̀ náà rárá. Ní gígùn, àyè ṣì kù níwájú àtàńpàkò. Bàtà náà tó mi, fífẹ̀ ni kò fẹ̀ tó. Ẹ ṣe é nílé yín lálẹ́ òní, ìṣẹ́jú kan ni. Tí ẹran ẹsẹ̀ yín bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ti rí ẹjọ́ náà dá.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni pé èèyàn á ra nọ́ńbà tó tóbi sí i. Èmi náà rà á. Láti 42 sí 43, gígùn ni ẹ ń rà, kò ju mìlímítà 6.7 lọ, fífẹ̀ tó bá a wá kò tó nǹkan. Gìgísẹ̀ mi wá ń jáde, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ síwájú, ó ṣì ń kú. Bàtà tó gbà mí ni 42 kan náà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ fífẹ̀. Iléeṣẹ́ Shimano ń ṣe irú rẹ̀, iléeṣẹ́ Lake náà ń ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́, mo ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní àlọ àti àbọ̀ láìmọye ìgbà, ẹsẹ̀ mi ò kú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ wa ló fi sálúbàtà àti ẹsẹ̀ lásán dàgbà, ẹsẹ̀ wa tẹ́ rẹrẹ, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní tí bàtà ò bá fún, agbára á ṣòfò. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Colorado fi bàtà eré ìje lásán lórí pẹ́dà pẹlẹbẹ wé bàtà kẹ̀kẹ́ tó ní cleat, ìyẹn ike tàbí irin abẹ́ bàtà tí pẹ́dà ń gbá mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016: tí èèyàn bá ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, okun tí ara ń ná kò yàtọ̀. Wọ́n á tún ní àwọn tó ń sáré Tour de France ń so ó pinpin. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn nìyẹn, àwọn kan nínú wọn sì wà tí iléeṣẹ́ ń wọn ẹsẹ̀ wọn kó tó ṣe bàtà fún wọn.

Mo gbà pé bàtà nìkan kọ́ ló lè pa ẹsẹ̀. Cleat tó wà níwájú jù lè fà á, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ ná. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú lórí bẹ́ẹ̀dì pàápàá, kó lọ rí dókítà.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́. Gìgísẹ̀ ni kó dì mú, ìka ẹsẹ̀ ní láti lè gbéra sókè sódò. Okùn tó wà níwájú, lórí egungun ìka, òun ni kí ẹ dẹ̀ jù. Ẹ fi wákàtí kan wọ̀ ọ́ nínú yàrá, lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó de cleat mọ́ ọn, torí lẹ́yìn ìyẹn kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó máa gbà á padà. Wọn ò gba ti àbúrò wa padà. Ó ti rí èyí tó fẹ̀ rà báyìí, ti àkọ́kọ́ sì wà nílẹ̀, ìgbà mẹ́ta péré ló wọ̀ ọ́. 39 ni. Tí ẹsẹ̀ yín bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sọ fún mi.